Nítorí Akoto Funfun, Mo Ta Àwọn Tí A Jọ Ń Ṣiṣẹ́

Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni. Òjò wínníwínní ń rọ̀, irú èyí tí kì í pa ni ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ. Kùrukùru bo ojú omi débi pé a kò rí òdìkejì. Mo dúró lábẹ́ ikùn ọkọ̀ ojú omi ńlá kan, òòlù ńlá lọ́wọ́ mi, akoto funfun báláú lórí mi, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Kí oòrùn tó là, ẹ̀rín náà ti kúrò lẹ́nu mi. Ó ti bọ́ sẹ́nu àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà mọ. Alágbàṣe ni mí ní ọgbà kan tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Orí àwọn igi gbọọrọ tó dagẹ̀rẹ́ láti orí ilẹ̀ wọ inú omi ni wọ́n máa ń kan ọkọ̀ lé. Bí ọkọ̀ bá parí, èmi ni mo máa ń fi gírísì kun àwọn igi náà kí ọkọ̀ lè rìn lórí wọn lọ sínú omi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Bàbá Gírísì. Bí mo bá ń wọ yàrá bọ̀, òórùn aṣọ mi á ti kí àwọn ènìyàn kí èmi tó kí wọn.

Ọkọ̀ akérò kan ló wà lórí igi, ó ku díẹ̀ kó wọ omi, nígbà tí gbèsè gbé ilé iṣẹ́ wa mì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n kó gbogbo wa jọ. Mánẹ́jà gun orí àpótí, ó ní kí kálukú máa lọ sílé. Ẹni tó ti fi ẹ̀yìn gbé irin títí ẹ̀yìn náà fi tẹ̀, kó máa lọ. Ẹni tí iná ti ba ojú rẹ̀ jẹ́, kó máa lọ. Kò sí àjẹmọ́nú, kò sí ìtọ́jú, kò tilẹ̀ sí "ẹ ṣeun."

Obìnrin kan ló ní òun kò ní í lọ. Awakọ̀ kireni ni, òun sì ni alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa. Ìyá Kireni ni gbogbo wa ń pè é. Ó gbé ọ̀rọ̀ wa lọ sí kóòtù. Adájọ́ pàṣẹ pé kí nǹkankan má ṣe kúrò nípò rẹ̀ nínú ọgbà, kí ẹnikẹ́ni má sì lé àwa òṣìṣẹ́ jáde, títí òun yóò fi gbọ́ ẹjọ́ náà. Ó ní bí àwa náà bá rú àṣẹ yìí, òun ò ní í dá sí wa mọ́.

Ìyá Kireni wá là á yé wa bí ẹni ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ.

"Ẹ wo ọkọ̀ yìí dáadáa," ó ní. "Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lórí ilẹ̀, òun ni onígbọ̀wọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e, á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìdí rẹ̀ bá kan omi pẹ́nrẹ́n, ẹni tó rà á á fà á lọ síbi tí ohùn adájọ́ wa kò dé. Àwa á wá tò sétí omi, a ó máa juwọ́ sí ẹ̀tọ́ wa pé ó dàbọ̀."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkọ̀ náà nìyẹn, ní méjì méjì, tọ̀sán tòru. Àbúrò ìyàwó mi ni wọ́n fi tì mí. Jórinjórin ni. Iná irin ti jẹ ojú rẹ̀ lọ. Ó ń ríran, ṣùgbọ́n bí ẹni ń wo nǹkan láti inú èéfín. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù, ilé iṣẹ́ ló sì yẹ kó ṣe é fún un. Bí ẹ̀tọ́ wa bá wọ omi, ojú rẹ̀ bá a wọ̀ ọ́. Mo mọ èyí dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí n fi àìmọ̀kan bora lójú yín.

Ní Ọjọ́bọ̀, mánẹ́jà ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Àwọn tó yá ilé iṣẹ́ lówó ti wá kó àga àti tábìlì lọ. Orí agolo ọ̀dà ńlá kan ni mánẹ́jà jókòó sí, táì lọ́rùn, bàtà ń dán. Ó nawọ́ sí agolo kejì.

"Alàgbà, ẹ jókòó."

Ẹ gbọ́ mi o. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ọgbà yẹn, kò sí ọ̀gá kan tó pè mí ní "ẹ" rí. "Ìwọ, gbé gírísì wá." "Ìwọ, kúrò lọ́nà." Àwọn tí mo lè bí lọ́mọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yìí pè mí ní Alàgbà, ó ní kí n jókòó sórí agolo, orí mi sì wú bí ẹni tí wọ́n fún ní ìtẹ́.

Ó fa nǹkan kan yọ láti inú páálí. Akoto funfun ni, tuntun, nínú ọ̀rá rẹ̀. Ní ọgbà wa, àwa alágbàṣe ń dé akoto pupa, àwọn jórinjórin ń dé aláwọ̀ aró. Funfun, ti ọ̀gá nìkan ni.

"Ẹ dé e, ká wò ó."

Mo dé e. Ó ní kí n wo ara mi nínú gíláàsì fèrèsé. Mo wò. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹnì kan tí mo ti ń wá láti kékeré ló ń wò mí padà.

"Ẹni tó ra ọkọ̀ yẹn fẹ́ ṣí ọgbà tirẹ̀," mánẹ́jà wí. "Ó ń wá alábòójútó. Mo ní mo ti rí ẹnì kan."

"Ta ni, sà?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Sà! Èmi Bàbá Gírísì! Díẹ̀ ló kù kí n bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ló wọlé.

"Kí ni mo máa ṣe?"

"Nǹkan kékeré ni. Láàárọ̀ Àìkú, omi á kún dáadáa, ẹ̀yin lẹ ó sì wà lẹ́nu ìṣọ́. Igi ìdènà méjì ló ṣẹ́ kù tó di ọkọ̀ yẹn mú, àbí? Ẹ gbá wọn kúrò. Á lọ fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ afàkọ̀ kan á ti máa dúró dè é lójú omi."

"Àwọn yòókù ńkọ́, sà?"

"Àwọn wo?" Ó wò mí bí ẹni tí mo béèrè eṣinṣin lọ́wọ́ rẹ̀. "Alàgbà, ilé iṣẹ́ ti kú. Ẹ̀tọ́ wo lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ òkú? Wọ́n á jókòó ti irin yẹn títí á fi dípẹtà mọ́ wọn lójú ni. Ẹni tó bá máa gbọ́n, ẹ jẹ́ kó tètè gbọ́n."

Àwọn ènìyàn rò pé bí mo bá dákẹ́, èrò ìjìnlẹ̀ ni mò ń rò. Lọ́jọ́ yẹn, gíláàsì fèrèsé ni mò ń wò.

Mo fi àpò wé akoto náà délé, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò pẹ́, mo tún fà á yọ. Mo gbé e wọ balùwẹ̀ nítorí ibẹ̀ ni dígí wa wà. Bí mo ṣe ń fa okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n, ìyàwó mi ṣí ilẹ̀kùn.

"Bàbá wọn, kí lẹ dé sórí?"

"Akoto ni."

"Mo rí i pé akoto ni. Ṣé ẹ fẹ́ fi wẹ̀ ni?"

"Ilé iṣẹ́ ló fún mi."

"Ilé iṣẹ́ tó wọ gbèsè, òun náà ló wá ń ta ènìyàn lọ́rẹ?"

Mo wúkọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti há mi lọ́nà ọ̀fun, ikọ́ ni mo máa ń fi bo ojú rẹ̀.

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ rọra o. Ẹran inú tàkúté kì í ṣe ọ̀fẹ́."

Ó pa ilẹ̀kùn dé. Mo sì tún akoto mi ṣe, ó ti wọ́ díẹ̀ sí apá òsì.

Ká padà sí àárọ̀ Àìkú. Kí n tó dé, àna mi ti dé. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó fi àpò bo èjìká nítorí òjò.

"Bọ̀dá, ẹ kú òtútù. Ẹ gba èyí." Ó bu tíì gbígbóná fún mi nínú ọmọrí fúláàsì rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò gbé e dáadáa, ó dà á sí mi lọ́wọ́ díẹ̀, ó sì bẹ̀ mí.

Mo mu tíì náà tán kí n tó purọ́ fún un. Ẹ kà á mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi yòókù.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n sọ fún ọ," mo ní. "Màmá yín ṣubú."

Ó fò dìde. "Ṣubú? Níbo?"

"Nílé."

"Báwo ló ṣe ṣubú?"

"Ó kàn... ó ṣubú ṣá ni."

"Bọ̀dá, ẹ sì jókòó ẹ̀ ń mu tíì!"

"Mi ò fẹ́ kí àyà rẹ já ni."

Ó ti sáré lọ. Pẹ̀lú ojú yẹn, nínú kùrukùru yẹn. Mo gbọ́ tí bàtà rẹ̀ ń lu ilẹ̀ títí tí n kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ìyá tí mo ní ó ṣubú yìí le bí òkúta. Ó lè ju èmi gan-an lọ nínú eré sísá. Ṣùgbọ́n kò sí irọ́ mìíràn tó wá sí mi lórí. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, irọ́ kì í yá a lẹ́nu.

Mo fa akoto mi yọ nínú àpò, mo dé e, mo bọ́ sẹ́nu iṣẹ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ òfin iṣẹ́ wa fún yín. Bí gírísì bá ti pẹ́ lórí igi, tí oòrùn jẹ ẹ́, tí eruku bá a dàpọ̀, kì í yọ̀ mọ́. Lílẹ̀ ló máa ń lẹ̀ bí oje igi. A gbọ́dọ̀ họ ọ́ kúrò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ká tó kun tuntun. Apá òkè rọrùn, èèyàn á dúró ṣe é. Apá ìsàlẹ̀ ni wàhálà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti sún mọ́ ilẹ̀. O ní láti dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ nínú ẹrẹ̀, kí o máa wọ́ lọ bí ekòló, kí gírísì àtijọ́ máa já lù ọ́ lójú. Èmi ni mo máa ń kọ́ àwọn mìíràn pé ìsàlẹ̀ lọ̀gá.

Mo họ òkè, mo kùn ún, ó ń dán. Mo dé ìsàlẹ̀. Mo wo ẹrẹ̀. Mo ronú kan akoto funfun tó wà lórí mi.

Mo lè ṣí i kúrò, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí i, orí tó wọ́ nínú ẹrẹ̀ ni n ó gbé e padà lé. Mo sọ fún ara mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé: "Alábòójútó kì í wọ́ nílẹ̀. Yóò yọ̀. Bó bá ti yọ̀ lókè, ìsàlẹ̀ á gbà fún un."

Mo gbé òòlù. Mo gbá igi ìdènà òsì, ó fò dànù. Mo gbá tọ̀tún.

Ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀. Ó mira. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, rọra, rọra, bí onígbèsè tó ń yọ́ jáde nílé. Mo gbé ọwọ́ mi kan sókè bí mo ṣe máa ń rí i tí àwọn ọ̀gá ń ṣe. Mo tilẹ̀ ní, "Ó dáa, máa bọ̀, máa bọ̀," bí ẹni pé èmi ló ń wà á.

Ó wá dé ibi tí n kò kùn.

Ariwo tó ti ibẹ̀ jáde, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń fa páànù òrùlé gbogbo àdúgbò ya lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín rú lára igi. Ilẹ̀ mì tìtì. Ọkọ̀ náà mì, ó ké, ó dúró gbagidi, ìdí rẹ̀ gbé sókè omi bí ẹni tó fẹ́ wẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé omi tutù.

Ẹ̀yìn ògiri ọgbà wa ni ilé àwọn òṣìṣẹ́ wà. Gbogbo ilẹ̀kùn ṣí. Òmíràn sán táwẹ́ẹ̀lì, òmíràn ní búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ìfófò ọṣẹ ṣì wà létè rẹ̀. Ìyá Kireni ló ṣíwájú, bàtà kan ṣoṣo ló wọ̀.

Wọ́n dúró. Wọ́n wo ọkọ̀. Wọ́n wò mí.

Mo gbìyànjú láti fi òòlù pa mọ́ sẹ́yìn. Òòlù náà tóbi ju ẹ̀yìn mi lọ.

"Bàbá Gírísì," Ìyá Kireni ní, "kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń... mò ń ṣọ́ ọ ni."

"Òòlù lo fi ń ṣọ́ ọ?"

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ké: "Ẹ wo orí rẹ̀! Ẹ wo ohun tó dé!"

"Háà! Ọ̀gá tuntun ti dé!"

"Ẹ kú oyè o, sà!"

"Ẹ yà fún wọn, ẹ ò rí i pé wọ́n funfun ni?"

Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ kò lanu. Dípò rẹ̀, èrò pín sí méjì, ìyá ìyàwó mi ló gba àárín kọjá bọ̀, ó dúró ṣánṣán, ó ń tẹ ilẹ̀ gbọin gbọin. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyàwó mi di àbúrò rẹ̀ mú lápá. Ẹsẹ̀ kan ni jórinjórin fi ń ta kìtì bọ̀. Ẹrẹ̀ bo ìhà rẹ̀ kan, kókósẹ̀ rẹ̀ ti wú bí ẹ̀pà tí omi wọ̀.

"Ta ló ní mo ṣubú?" ìyá náà béèrè.

N kò ronú. Ara mi ló ṣe é fúnra rẹ̀: mo tẹrí ba láti kí i. Akoto bọ́ lórí mi. Ó balẹ̀ sórí igi tí mo kùn, ó yí, ó ń ró kò-kò-kò, ó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, ó já sínú omi.

Ibi tí ọkọ̀ kò lè dé, akoto dé ibẹ̀.

"Mo bi ọ́ léèrè, àna mi. Ta ló ní mo ṣubú? Ẹsẹ̀ mi méjèèjì rèé. Ọmọ mi ló ṣubú. Inú gọ́tà ló ṣubú sí, ó ń sáré bọ̀ wá gbé èmi tí mo dìde dúró tí mò ń gbálẹ̀."

Mo wúkọ́.

"Má wúkọ́ sí mi," ó ní.

Ìyàwó mi kò sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ó wo ibi tí akoto já sí, ó ní, "Ẹran tàkúté," ó sì yí ojú kúrò lára mi.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mánẹ́jà wọ ọgbà, ti ọlọ́pàá sì tẹ̀ lé e. Kíá ni mánẹ́jà ti bọ́ sílẹ̀ tó ń nawọ́ sí ọkọ̀ ojú omi.

"Ẹ rí wọn! Ẹ rí wọn! Adájọ́ ní kí nǹkankan má ṣe yí nípò. Àwọn fúnra wọn ti yí i! Wọ́n ti rú àṣẹ. Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ kó gbogbo wọn jáde kí wọ́n tó ba nǹkan olówó jẹ́."

Ẹ gbọ́ ọ yé o. Bí ọkọ̀ bá lọ, a pàdánù. Bí kò bá lọ, àwa la fọwọ́ kàn án, a ṣì pàdánù. Ọkùnrin náà ti pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ lẹ́nu méjèèjì. Bí ọlọ́pàá bá sì ti kó wa jáde, kí ló kù? Ọkọ̀ afàkọ̀ á ju okùn, á fa ọkọ̀ yẹn wọ omi, tó bá di ọjọ́ Ajé, adájọ́ á kàn bá ilẹ̀ òfìfo ni.

Ọ̀gá ọlọ́pàá ṣí agbòjò rẹ̀. "Ta ló yí ọkọ̀ yìí nípò?"

Gbogbo ojú lọ síbì kan náà.

Mánẹ́jà rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni tó fẹ́ wo igi. Ó sọ̀rọ̀ láìyí ojú sí mi. "Alàgbà, ẹ dákẹ́ bí ẹ ṣe máa ń dákẹ́. Wọn ò lè fi yín ṣe nǹkankan. A ó ra akoto mìíràn."

Ẹ má rò pé n kò rò ó. Mo rò ó. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ fún mi, òun ni mo fi ń jẹun. Mo wo Ìyá Kireni, mo ń retí kí ó bú mi, kí inú lè bí mi, kí n rí nǹkan dì mú. Kò bú mi. Ó ń wo àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó fẹ́ rántí ojú wọn.

Jórinjórin kò lè rí mi láti ibi tó wà. Ó kọ ojú sí apá ibi tó rò pé mo wà, ó sì ṣì í díẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ló kọjú sí.

"Bọ̀dá," ó ní fún gbẹ́nàgbẹ́nà náà, "ẹ kúkú sọ̀rọ̀."

"Èmi ni," mo ní.

"Kí ló wí?" ọ̀gá ọlọ́pàá béèrè.

"Ó ń wúkọ́ ni," ẹnì kan dáhùn.

"Èmi ni."

"Sọ ọ́ sókè, baba! Òjò ń rọ̀!"

Mo di ọwọ́ mi ní ìkúùkù, mo la ẹnu bí mi ò ṣe là á rí láyé mi. "Èmi ni mo gbá igi ìdènà! Èmi nìkan! Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wọn! Mánẹ́jà ló rán mi, akoto ló fún mi!"

Àwọn ẹyẹ fò lórí kireni.

Ẹni tó ní búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu yọ ọ́. "Akoto nìkan?"

"Kò tilẹ̀ fi bàtà kún un?"

"Irọ́ ni!" mánẹ́jà ké. "Ọ̀gá ọlọ́pàá, mi ò bá ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀ rí láyé mi! Wọ́n rán an ni! Ẹ wò ó, ṣé irú èyí ni mo máa rán níṣẹ́?"

Òtítọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́ láàárín èmi àti ẹni tó wọ táì? Mo rí i lójú ọlọ́pàá pé ó ti ń wọn èmi àti mánẹ́jà, èmi ni mo sì fúyẹ́.

Ibẹ̀ ni ohùn kan ti inú kùrukùru jáde láti ojú omi. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló fi ń sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá mánẹ́jà! Ọ̀gá mánẹ́jà o! Èmi atukọ̀ afàkọ̀ ni! Ẹ ní kí n wá dúró de ọkọ̀ láàárọ̀ yìí, mo ti ń dúró o! Omi ti ń fà! Ṣé ó ṣì ń bọ̀ àbí kí n máa lọ sílé?"

Gbogbo wa yíjú sí mánẹ́jà.

"Ọ̀gá mánẹ́jà! Akoto funfun kan léfòó wá bá mi níbí. Ṣé tiyín ni?"

Ọ̀gá ọlọ́pàá pa agbòjò rẹ̀ dé. Ó yíjú sí mánẹ́jà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá, ẹ tẹ̀ lé mi." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ náà, ó yá."

"Ìwọ." Mo ti padà sílé.

Wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì ní kí n máa lọ, pé adájọ́ á fẹ́ rí mi. Nígbà tí mo fi padà dé ọgbà, àwọn òṣìṣẹ́ ti fi ẹ̀wọ̀n so ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀, wọ́n sì ti kó ara wọn jọ sí yàrá ìjẹun. Ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ń sọ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ní kí n wọlé, kò sẹ́ni tó ní kí n lọ.

"Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́," gbẹ́nàgbẹ́nà wí. "Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ kúrò nínú ẹjọ́ yìí. Bí a bá gba ẹ̀tọ́ wa, kí tirẹ̀ má sí níbẹ̀."

"Òótọ́ ni! Kó lọ gba tirẹ̀ lọ́wọ́ akoto!"

Mo fara mọ́ ọn. Ẹ gbà mí gbọ́, ọkàn mi fẹ́ ẹ. Ká ní wọ́n yọ mí ni, à bá jọ wà ní ọgbọọgba.

Ìyá Kireni dìde. "Rárá," ó ní. "Ó ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́? Ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ lábẹ́ ọkọ̀ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Ẹ̀tọ́ là ń jà fún o, kì í ṣe ojúure. Ẹ̀tọ́ tó bá jẹ́ pé ẹni tí a fẹ́ràn nìkan ló máa gbà á, ẹ̀bùn nìyẹn. Mánẹ́jà náà mọ ẹ̀bùn fúnni, ẹ bi Bàbá Gírísì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dùn lẹ́nu wọn.

"Tirẹ̀ á wà níbẹ̀," ó ní. "Pé kí ẹ máa kí i o, ìyẹn ò sí lára ohun tí mo gbé lọ kóòtù."

Wọn kò sì kí mi. Ìyàwó mi ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún mi bí ẹni ń bọ́ ológbò aládùúgbò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹnì kan tó ti ń pè yín ní "ìwọ" bá ṣàdédé pè yín ní "ẹ," ẹ bojú wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ rí ohun tó ń fi ọwọ́ kejì gbà. Ẹ̀kọ́ tèmi nìyẹn. Ó wọ́n jù fún mi, mo ń tà á fún yín ní ọ̀pọ̀.

Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà níwájú adájọ́, mo sì sọ ọ́ sókè. Adájọ́ ní ọkọ̀ kò ní í kúrò lórí ilẹ̀ títí wọn yóò fi yanjú ọ̀rọ̀ gbogbo òṣìṣẹ́, tòun ti ìtọ́jú àwọn tí iṣẹ́ ṣe léṣe. Ó ní kí olúkúlùkù fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí kóòtù ní ọjọ́ Ẹtì, kí àwọn akọ̀wé lè rí i lójúkojú. Ẹni tí kò bá yọjú, òun kò mọ̀ ọ́n.

Òkè pátápátá ilé kan ni àna mi ń gbé, àtẹ̀gùn rẹ̀ há, ó sì ṣókùnkùn. Wọ́n ti fi símẹ́ǹtì dókítà di ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé orúnkún. Ojú kò ríran, ẹsẹ̀ kò tẹlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo gun òkè lọ kí ọkọ̀ tí Ìyá Kireni gbà fún wa tó dé. Ìyá rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, ó wò mí, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó sì wọlé padà.

Jórinjórin ti múra. Ó jókòó sórí àga lẹ́bàá àtẹ̀gùn, ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

Ó gbóòórùn gírísì.

"Bọ̀dá, ẹ máa lọ. Àwọn jórinjórin ẹgbẹ́ mi á wá gbé mi."

Nísàlẹ̀, ọkọ̀ fọn fèrè. Wọ́n tún fọn ọ́. A gbọ́ tí Ìyá Kireni ń pariwo pé kóòtù kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Mo yí ẹ̀yìn sí i, mo lóṣòó, mo na ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn, mo sì dúró dè é.